Oògùn kan ṣoṣo kò lè wo gbogbo asímà: bí ìṣègùn Ṣáínà ṣe ń yẹ ikọ́ fée wò gan-an

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe láti máa fi èdè wa la àwọn èèyàn lóye. Ìpolówó kan ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ó wà lórí rédíò, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń yọjú nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú: pé oògùn Ṣáínà kan wà tó ń wo asímà sàn pátápátá, tọmọdé tàgbà, àti pé ẹni tó bá ti rà á lè sọ ínhélà rẹ̀ nù. Iṣẹ́ egbòogi àti abẹ́rẹ́ Ṣáínà (abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí a ń gún sára láìsí oògùn nínú rẹ̀) ni iṣẹ́ mi, ó sì dùn mí pé orúkọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń ta ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lòdì sí. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, kò sí oògùn kan tó jẹ́ oògùn asímà lásán. A ní láti mọ irú asímà tó ń ṣe ẹni tó jókòó níwájú wa, ká sì mọ àsìkò tó wà: ṣé ó ń gbé e lọ́wọ́ ni, àbí ó ti rọlẹ̀? Ẹni tí kò bá tíì dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn Zhang Zhongjing ti ṣàpèjúwe aláìsàn tó ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ ń ru sókè, tí ọ̀fun rẹ̀ sì ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ inú omi. Egbòogi mẹ́sàn-án ló tò pọ̀ fún un, a sì ń lò wọ́n títí di òní lábẹ́ orúkọ Shegan Mahuang Tang. Oníṣègùn Ṣáínà mìíràn, Zhu Danxi, tó gbé ayé láti 1281 sí 1358, ló wá fi òfin tó ṣe kókó jù lélẹ̀. Ó ní nígbà tí àìsàn náà bá ń gbé èèyàn, ohun tó dí ọ̀nà èémí ni ká lé lọ. Nígbà tó bá rọlẹ̀, agbára ara ni ká gbé ró. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó kò lè tẹ̀ lé òfin yìí, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ní kí èèyàn máa mu lálẹ́ ọjọ́ tí àyà há a àti lọ́jọ́ tó ń sùn fọnfọn.

Lójú ìmọ̀ Ṣáínà, ohun tó ń mú kí asímà máa padà wá ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó lúgọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró. Bí ara bá le, kò ní hàn. Òtútù, eruku ọyẹ́, èéfín igi ìdáná, oúnjẹ kan, ìbínú tàbí àárẹ̀ ló ń jí i, á wá dí ọ̀nà tó yẹ kí èémí gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóóró ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yìí ń fi ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n ọlọ inú, tí wọ́n kà sí alábòójútó oúnjẹ dídà, ni wọ́n ní ó ń pèsè rẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá dín kù. Kíndìnrín ní tirẹ̀ ló ń di èémí mú nísàlẹ̀. Ẹ má fi èyí wé ẹ̀yà ara tí dókítà ń rí nínú fọ́tò X-ray. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ni àwọn orúkọ náà ń tọ́ka sí, bí wọ́n bá sọ fún ẹnì kan pé kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára nínú ọ̀rọ̀ asímà, kò túmọ̀ sí pé ó ní àìsàn kíndìnrín.

Ká tó dé orí ahọ́n àti iṣan ọwọ́ tí oníṣègùn Ṣáínà máa ń yẹ̀ wò, ó yẹ ká mọ̀ bóyá asímà ni lóòótọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo àyà tó ń sọ fée ni ti asímà. Àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè mí lóru àfi tó bá dìde jókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ọmọ kékeré tí fée bẹ̀rẹ̀ sí í dún láyà rẹ̀ lójijì, láì ní ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tẹ́lẹ̀, ẹ̀pà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lè ti wọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ìgbóná ara ń bá a rìn lálẹ́, tí ẹni náà sì ń rù, ẹ lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Obìnrin tó ti fi igi dáná nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró mìíràn, tí ọ̀nà èémí rẹ̀ kì í là padà bíi ti oní-asímà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kí aláìsàn fẹ́ èémí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní spirometer, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, wọ́n á sì ní kó tún un fẹ́. Bí èémí tó tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ bá fi ìdá 12 nínú 100 lé sí i, tó sì ju 200 mílílítà lọ, asímà ni ẹ̀rí náà ń tọ́ka sí nínú àgbàlagbà. Gbogbo oníṣègùn Ṣáínà ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè èsì ìdánwò yìí. Iṣan ọwọ́ kò lè sọ ọ́ fún wa.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò mẹ́rin ti Ṣáínà: ká wò, ká gbọ́ ká sì gbóòórùn, ká béèrè, ká fọwọ́ kàn. Bíbéèrè ló ń gba àkókò jù. Ìgbà wo ló ń gbé e, òru àbí ìdájí? Ṣé èémí fífà sínú ló nira fún un jù, àbí títú u síta? Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó funfun, ó ṣàn, ó ń hó, àbí ó pọ́n bí àwọ̀ yẹ́lò, ó ki, kò sì fẹ́ jáde? Ṣé omi gbígbóná ló ń wù ú mu àbí omi tútù? Ṣé ó ń làágùn láìṣe iṣẹ́ kankan? Ṣé oúnjẹ ń wù ú jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro ó? Oògùn wo ló ń lò, ìgbà wo ló sì fa ínhélà gbẹ̀yìn?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fò dá, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Salbutamol tó wà nínú ínhélà aláwọ̀ búlúù máa ń mú kí ọkàn sáré. Bí ẹ bá di iṣan ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á mú, iṣan náà á máa sáré lábẹ́ ìka yín, oníṣègùn tí kò béèrè á sì kọ ooru sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé òtútù ló ń dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ahọ́n. Ẹni tó ń fa ínhélà sítẹ́rọ́ọ̀dì, tí kì í fi omi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù lẹ́yìn rẹ̀, lè ní irú àrùn tó ń mú kí ẹnu ọmọ ọwọ́ funfun. Ẹni tí kò mọ̀ á rí i lórí ahọ́n, á sọ pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òtútù ló pọ̀ nínú ara, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní egbòogi gbígbóná. Obì, orógbó, kọfí àti epo pupa náà ń pa ahọ́n láró. Kí aláìsàn má jẹ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kó má ha ahọ́n, kó sì yọ ọ́ sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù.

Ìka mẹ́ta ni a ń gbé lé iṣan ọ̀rùn ọwọ́. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka tó súnmọ́ àtẹ́lẹwọ́ jù ń ka ẹ̀dọ̀fóóró, ti àárín ń ka ọlọ inú, èyí tó kẹ́yìn ń ka kíndìnrín. A ó kọ́kọ́ gbé ìka lé e fẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà a ó tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀. Kó má dín ní ìṣẹ́jú kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti jókòó tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀.

Nígbà tí asímà bá ń gbé èèyàn, a máa ń yà á sí ti òtútù àti ti ooru. Ti òtútù: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun tó ṣàn tó sì ń hó, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́, òtútù ń mú un, ahọ́n rẹ̀ kò pọ́n dáadáa, ohun funfun tó ń yọ̀ bò ó, iṣan ọwọ́ sì le kankan. Ti ooru: òógùn, òùngbẹ, ara tí kò balẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pípọ́n tó ki, ahọ́n pupa tí ohun pípọ́n lẹ̀ mọ́, iṣan tó ń sáré tó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Ṣáínà a máa sọ̀rọ̀ nípa ojú tó ṣú àti ojú tó pọ́n, ṣùgbọ́n ara àwọn ará ìlú wọn ni wọ́n wò kọ ọ́. Lára dúdú tiwa, ètè, abẹ́ ìpéǹpéjú àti èékánná ni ká wò.

Fún ti òtútù, Shegan Mahuang Tang tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni a sábà ń lò. Ti ooru ni Ding Chuan Tang, tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìwọ̀n ọjọ́ kan fún àgbàlagbà nínú ìwé ẹ̀kọ́ nìyí: Ma Huang gíráàmù 9, Bai Guo 9, Kuan Dong Hua 9, Sang Bai Pi 9, Ban Xia tí wọ́n ti ṣe 9, Su Zi 6, Huang Qin 6, Xing Ren 4.5, Gan Cao 3. Ma Huang ló ń la ọ̀nà èémí, Bai Guo ń dì í mú kó má bàa tú agbára ara ká, Huang Qin àti Sang Bai Pi ń pa ooru, èyí tó kù ń mú kí èémí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá fún oní-òtútù ní èyí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á túbọ̀ dì. Bí ẹ bá fún oní-ooru ní ti òtútù, á máa làágùn, àyà rẹ̀ á máa jó, kò sì ní lè sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àkọsílẹ̀ yìí lọ sí ọjà. Mo tò ó kí ẹ lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bai Guo, ìyẹn kóró igi ginkgo, ní májèlé nínú bí a kò bá yan án kó pọ́n kí a tó sè é, ó sì lè fa gìrì fún ọmọdé. Xing Ren, kóró ápíríkọ́ọ̀tì kíkorò, ń mú sáyánáìdì jáde nínú ikùn bó bá pọ̀ jù. Kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 10 lójúmọ́. Ban Xia tútù tí wọn kò tíì fi ata ilẹ̀ tàbí álọ́ọ̀mù ṣe máa ń ta ahọ́n àti ọ̀fun títí wọ́n á fi wú. Ma Huang ló wá ṣe pàtàkì jù. Inú rẹ̀ ni onímọ̀ kẹ́míkà Nagai Nagayoshi ti yọ èròjà tó ń jẹ́ ephedrine jáde ní Japan ní 1885. Lẹ́yìn náà, láàárín ọdún 1920 sí 1930, iṣẹ́ tí Chen Ke-kui àti Carl Schmidt bẹ̀rẹ̀ ní Beijing mú kí àwọn dókítà òyìnbó gbà á sí oògùn asímà, tipẹ́tipẹ́ kí salbutamol tó dé. Ephedrine àti salbutamol jọ ń la ọ̀nà èémí ni, àwọn méjèèjì sì jọ ń ta ọkàn jí. Ẹni tó ń mu àgbo Ma Huang tó tún ń fa ínhélà búlúù léraléra ń gùn ẹṣin méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó ní àìsàn ọkàn, gọ̀gọ̀ńgò tó wú nítorí táíróìdì, àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tàbí ọkùnrin tí ìtọ̀ kì í jáde dáadáa fún, àti aboyún, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ní 2004, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fòfin de títa ephedra, ìyẹn Ma Huang, gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ.

Nígbà tí asímà bá gbé èèyàn gidi, kò sí àkókò láti máa se egbòogi. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, bí ètè rẹ̀ bá ṣú, bí àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí bí fée tó ń dún tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ fún un ní salbutamol, ìfà mẹ́rin sí mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nípasẹ̀ ike tí wọ́n ń pè ní spacer, tó máa ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu. Ẹ tún un ṣe ní ogún ogún ìṣẹ́jú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ sì ti máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dídákẹ́ fée yẹn ń tan ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ. Wọ́n á rò pé ara ti yá, bẹ́ẹ̀ èémí kò wọlé mọ́ débi tí yóò fi dún ni.

Àsìkò tí asímà bá rọlẹ̀ ni iṣẹ́ Ṣáínà wúlò jù, òun náà sì ni àsìkò tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í wá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ kò lágbára a máa làágùn lásán, a máa bẹ̀rù afẹ́fẹ́, ọ̀fìnkìn kékeré á sì máa mú un lóòrèkóòrè. Yu Ping Feng San ni tirẹ̀: Huang Qi ìdá mẹ́ta, Bai Zhu ìdá kan, Fang Feng ìdá kan. Ẹni tó jẹ́ pé ọlọ inú ni, oúnjẹ kì í wù ú, ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bó bá jẹ ọlọ́ràá: Liu Jun Zi Tang. Ẹni tó jẹ́ pé kíndìnrín ni, èémí fífà sínú ló ń nira fún un, bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ á ti máa mí hẹlẹ, ẹ̀yìn ń ro ó, etí ń hó. Bí òtútù bá pọ̀ lára rẹ̀, Jin Gui Shen Qi Wan. Bí ọ̀fun àti ẹnu rẹ̀ bá ń gbẹ tí àtẹ́lẹwọ́ sì ń gbóná, Du Qi Wan.

Ọ̀fìn kan wà níhìn-ín tí àwọn tó ń fúnra wọn ra oògùn ń jìn sí. Jin Gui Shen Qi Wan ní Fu Zi nínú, Liu Jun Zi Tang sì ní Ban Xia. Láti ayé ìgbà ni wọ́n ti ka Ban Xia àti ìdílé Fu Zi mọ́ àwọn egbòogi méjìdínlógún tí kò gbọ́dọ̀ pàdé. Fu Zi fúnra rẹ̀ ń dá ọkàn dúró bí wọn kò bá ṣe é dáadáa. Gan Cao náà, tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, bó bá pẹ́ lára a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ru, a sì máa dín èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ kù. Salbutamol àti oògùn oníhóró sítẹ́rọ́ọ̀dì sì ń dín in kù bákan náà. Bí ẹsẹ̀ bá ń pajá, tí ara kò lókun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Oṣù mẹ́ta ló kéré jù kí a tó lè sọ pé ìtọ́jú àsìkò ìrọlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Kí aláìsàn ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn agbára èémí, tí wọ́n ń pè ní peak flow meter, kó fẹ́ ẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kó kọ èyí tó ga jù sílẹ̀, kó tún kọ iye ìgbà tó fa ínhélà búlúù àti iye òru tó jí. Ìwé yìí ni mo gbà gbọ́ ju "ara mi fúyẹ́" lọ.

Nípa sísè, ìkòkò amọ̀, abọ́ ẹnámẹ́lì tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù tó pọ̀ nílé wa, ẹ má sì lo irin dúdú. Ẹ rẹ egbòogi sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi fi ìwọ̀n ìka méjì bò ó. Bí Ma Huang bá wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi ṣíbí kó ìfóòfó orí rẹ̀ dànù, nítorí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ní ìfóòfó náà ló ń da àyà láàmú. Lẹ́yìn náà, ẹ da èyí tó kù sí i, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ din iná kù fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ tún un sè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ da omi méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, kí aláìsàn mu ún lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí àgbo náà má di ọjọ́ kejì.

Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀. Ibi tí a ń gún jù ni Dingchuan, tó wà ní ìdajì ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ egungun ńlá ọrùn. Feishu, tó wà ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan àbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn kẹta. Danzhong láàárín ọmú méjèèjì. Lieque lókè ọ̀rùn ọwọ́. Fenglong lójúgun fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Zusanli fún ọlọ inú. Taixi fún kíndìnrín. Àtàǹpàkò aláìsàn ni a fi ń wọ̀n, kì í ṣe ti oníṣègùn. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ni abẹ́rẹ́ ń wà lára, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibi tó léwu ni ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀fóóró ẹni tí asímà ti ń ṣe fún ọdún pípẹ́ a máa kún fún afẹ́fẹ́, ó sì wà nítòsí awọ ju bí a ṣe rò lọ. Abẹ́rẹ́ Feishu gbọ́dọ̀ dágùn-ún sí ìhà egungun ẹ̀yìn, kó má sì jinlẹ̀. Bí a bá gún un tààrà, afẹ́fẹ́ lè tú sí àárín ẹ̀dọ̀fóóró àti ìhà. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò sì lè mí kanlẹ̀, kódà bó jẹ́ wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó délé, ilé ìwòsàn ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò rí fún ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀.

Ìtọ́jú mìíràn wà tí inú mi dùn sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Sanfu. Oníṣègùn Zhang Lu kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1695. Bai Jie Zi, ìyẹn kóró mọ́sítáàdì funfun, ìdá méjì, Yan Hu Suo ìdá méjì, Gan Sui ìdá kan, Xi Xin ìdá kan, wọ́n á lọ̀ wọ́n kúnná, wọ́n á fi omi ata ilẹ̀ pò wọ́n, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá síra, ní ìgbà tí ooru mú jù lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta. Àgbàlagbà lè fi sára fún wákàtí mẹ́rin, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan sí méjì lọ. Bó bá ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀, nítorí mọ́sítáàdì ń ta awọ débi tó fi ń léròrò. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ aboyún, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe tí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Ní Ṣáínà, àárín Oṣù Keje sí Oṣù Kẹjọ ni àsìkò náà. Àwọn kan ti ń fi kàlẹ́ńdà yẹn ṣe é nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni òjò àti òtútù wa. Bó bá jẹ́ pé ooru ojú ọ̀run ni ìmọ̀ náà gbára lé, Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ló bá Èkó àti Ìbàdàn mu. Ẹni tó bá ń fi Oṣù Keje ṣe é níhìn-ín ń tẹ̀ lé ọjọ́, kò tẹ̀ lé ìdí tí wọ́n fi yan ọjọ́ náà.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ó yẹ kí àwa tó ń ṣe é sọ òótọ́ fún aráàlú. Nígbà tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn káàkiri ayé, kó ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ àti asímà ọlọ́jọ́ pípẹ́ jọ, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti gbani nímọ̀ràn pé kí a lò ó tàbí kí a má lò ó. Nípa egbòogi, ìwádìí kan wà tó dára, tó jáde ní 2005, tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà fún àgbàlagbà 91. Apá kan lo àpapọ̀ Ling Zhi, Ku Shen àti Gan Cao, tí wọ́n pè ní ASHMI, apá kejì lo prednisone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èémí apá méjèèjì dára sí i. Ti prednisone fi díẹ̀ dára jù, ṣùgbọ́n ó dín cortisol, ìyẹn sítẹ́rọ́ọ̀dì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, kù, egbòogi náà kò sì dín in kù. Ìwádìí kan náà nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ni. Kò sí ibi tó ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ ínhélà nù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn tó ń tètè ṣiṣẹ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn aláṣẹ ti bá oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì bíi dexamethasone tàbí prednisone nínú àwọn oògùn tí wọ́n pè ní egbòogi Ṣáínà lásán. Aláìsàn á mu ún, láàárín ọjọ́ méjì àyà á ti tú, á máa yin oògùn náà kiri. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú á wú bí òṣùpá, ebi á máa pa á ṣáá, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè, awọ á fẹ́lẹ́. Bó bá wá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ tí kò ṣe cortisol tirẹ̀ mọ́ lè dà wó lulẹ̀, asímà á sì padà pẹ̀lú agbára. Ẹni tó bá ń fura kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó gbé ìgò náà lọ bá dókítà kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀. Májèlé kejì ni aristolochic acid tó wà nínú Ma Dou Ling, tí wọ́n ti ń fún oní-ikọ́ àti oní-asímà láti ayé àtijọ́. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Ìwé oògùn ìjọba Ṣáínà yọ Ma Dou Ling kúrò ní 2020. Xi Xin náà ní díẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ni a ń lò, gíráàmù 1 sí 3, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

Ínhélà sítẹ́rọ́ọ̀dì ojoojúmọ́ tí dókítà fún èèyàn gbọ́dọ̀ máa bá a lọ bí a bá bẹ̀rẹ̀ egbòogi. Bí asímà bá wà ní ìkáwọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, dókítà fúnra rẹ̀ lè dín in kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí sí ìdajì, kó sì tún dúró fún oṣù mẹ́ta mìíràn. Ibi tí ìtọ́jú Ṣáínà ti lè hàn nìyẹn: bóyá ara gba ìdínkù náà tàbí kò gbà á. Kí oníṣègùn kọ orúkọ egbòogi gbogbo sórí ìwé fún aláìsàn láti gbé lọ bá dókítà. Èyí tó bá ní àṣírí ni kò ṣeé kọ, mi ò rí ìdí tí a ó fi ní àṣírí nínú ohun tí èèyàn ń mu.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ tó tẹ ìpolówó oògùn asímà èyíkéyìí, ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ gbogbo egbòogi tó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wo ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Bí gbólóhùn yẹn bá wà lára páálí, kò yẹ kí "ó ń wò ó sàn pátápátá" wà nínú ìwé ìròyìn yín. Èyí tó bá sì ní kí aláìsàn sọ ínhélà nù, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣègùn egbòogi àti abẹ́rẹ́ Ṣáínà,
Ìbàdàn